EEGUN ỌMỌ: ÈYÍ TÍ ÀKÓKÒ Ń TÚN ṢE ÀTI ÈYÍ TÍ ÀKÓKÒ Ń BÀ JẸ́

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí ẹsẹ̀, apá àti eegun àwọn ọmọ wa. Ẹ jọ̀wọ́, kí bàbá kà á, kí ìyá kà á, kí ẹni tí ó mọ̀wé sì kà á sétí ẹni tí kò mọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìsọmọlórúkọ. Àlùfáà ti ṣe àdúà tán, wọ́n ti pe orúkọ ọmọ, àwọn àlejò sì ń jẹun. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, nítorí pé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan yí sínú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ránṣẹ́ láti ilé pé kí wọ́n má tíì gbé e lọ síbì kankan. Bí Iléyá bá dé, gbogbo wọn yóò wá sílé, wọn yóò sì gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ nípa ẹsẹ̀. Iléyá sì ku oṣù 7.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe àjèjì láàárín àwa tí a ń gbé Òkè Ọya. Ilé jìnnà, àwọn àgbà tí a máa ń bi léèrè kò sí nítòsí, owó ọkọ̀ wọ́n, ó sì máa ń dà bíi pé ohun gbogbo lè dúró de ìgbà tí a bá relé. Òótọ́ ni pé nǹkan púpọ̀ lè dúró. Àwọn ẹsẹ̀ wíwọ́ kan wà tí àkókò fúnra rẹ̀ yóò tọ́. Òbí tí ó bá ń náwó lé wọn lórí ń fi owó ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n àwọn àìsàn eegun mìíràn wà tí ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ kan, tàbí wákàtí mélòó kan péré ti tó láti sọ ọmọ di arọ. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yóò máa sáré níbi tí ó yẹ kí ó jókòó, yóò sì jókòó níbi tí ó yẹ kí ó sáré. Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ kọ́ lónìí.

1. ÌDÍ TÍ EEGUN ỌMỌDÉ FI YÀTỌ̀ SÍ TI ÀGBÀ

Eegun ọmọdé kì í ṣe eegun àgbà tí ó kéré. Ó rọ̀ ju ti àgbà lọ. Bí ẹ̀ka igi tútù ni, ó lè tẹ̀, ó sì lè ṣẹ́ lápá kan láì dá sí méjì. Nítòsí orí eegun kọ̀ọ̀kan ni ibi kan wà tí ó rọ̀, níbi tí eegun ti ń dàgbà. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ni ó fi ń tètè jinná.

Àwọn àgbà wa sọ pé láti kékeré ni a ti ń pẹ́ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eegun ọmọ. Rírọ̀ tí ó rọ̀ ni ó jẹ́ kí ọwọ́ dókítà lè tọ́ ọ láì fi ọ̀bẹ kàn án nígbà tí ọmọ wà ní jòjòló. Rírọ̀ yìí kan náà ni ó jẹ́ kí ó lè wọ́ bí oúnjẹ kò bá pé, tàbí kí ó bàjẹ́ bí a bá dì í ní ìdìkudì.

2. ÈYÍ TÍ ÀKÓKÒ Ń TÚN ṢE

Ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ bí ọrun. Ọmọ tuntun ti ká ẹsẹ̀ kò nínú ìyá rẹ̀ fún oṣù 9. Kí ó tó di ọmọ ọdún 2, kò sí ohun ìyanu nínú pé kí orúnkún rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra wọn nígbà tí ó bá dúró. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá tẹ̀ bákan náà, tí ọmọ sì ń ṣeré láì sí ìrora, ẹ fi í sílẹ̀.

Orúnkún tí ó ń gbá ara wọn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní K-leg. Nígbà tí ọmọ bá tó ọdún 3 sí 4, ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ síta tẹ́lẹ̀ yóò yí padà, orúnkún yóò wá máa kan ara wọn. Ìyá yóò ní, “Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wo ọmọ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tún yí sódì.” Kò yí sódì o, bí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn ti ń dàgbà nìyẹn. Nígbà tí ó bá fi máa tó ọdún 7 tàbí 8, púpọ̀ nínú wọn yóò ti tọ́.

Àtẹ́lẹsẹ̀ pẹrẹsẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 ni àtẹ́lẹsẹ̀ wọn máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kí ó na gìgísẹ̀ sókè. Bí ẹ bá rí i pé àárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gbé sókè, tí kò sì ní ìrora, kò nílò bàtà olówó ńlá kankan.

Àwọn kan máa ń sọ pé pípọ̀n ni ó ń wọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a ti ń pọ̀n ọmọ, tí ó ya ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó ń jẹ́ kí orí eegun itan jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀ ní ìbàdí. Láàárín àwọn tí ń pọ̀n ọmọ báyìí, a kì í sábà rí ọmọ tí ìbàdí rẹ̀ yẹ̀. Ní ilẹ̀ òtútù, níbi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ ọmọ tọ́ọ́ró tí wọ́n sì ń wé e le, ó wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa pọ̀n ọmọ yín, ẹ̀yin ìyá.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé “yóò tọ́” bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wọ́, bí ó bá ń wọ́ sí i lẹ́yìn tí ọmọ ti pé ọdún 2, bí ọmọ bá ń tiro tàbí tí ó ń ké ìrora, tàbí bí ó bá kúrú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Pàápàá, ọmọ tí ó sanra, tí ó tètè rìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ̀ sí i lábẹ́ orúnkún, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i kí ó tó pé ọdún 4. Àìsàn kan wà tí ó ń dí ìdàgbà eegun ojúgun níbẹ̀, bí ó bá sì pẹ́, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ máa ń le.

3. ẸSẸ̀ TÍ OÚNJẸ WỌ́

Ìwọ̀nyí ni àmì àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní rickets: ọmọ ti lé ní ọdún 2, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ gan-an, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú bí ẹni pé eegun méjì ni ó wà níbẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ ní kókó-kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà, ó pẹ́ kí ó tó rìn, bí ó bá sì rìn, a máa yí bí pẹ́pẹ́yẹ. Kì í ṣe àrùn àjogúnbá lára ọ̀pọ̀ wọn, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Eegun náà kò rí ohun tí ó fi ń le ni.

Nǹkan méjì ni eegun fi ń le. Èkíní ni kálísíọ̀mù, tí ó ń wá láti inú oúnjẹ. Èkejì ni fítámì D, tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe bí oòrùn bá kàn án. Ní ilẹ̀ òtútù, àìsí oòrùn ni ó sábà ń fà á. Ṣùgbọ́n oòrùn kò wọ́n wa ní Òkè Ọya, àìsàn náà sì ń ṣe àwọn ọmọ níbẹ̀. Kí ni ó wá fà á?

Àwọn dókítà ṣe ìwádìí lórí èyí ní Jos, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Ọmọ 123 tí àìsàn yìí ń ṣe ni wọ́n tọ́jú. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì D nìkan, wọ́n fún àwọn kan ní kálísíọ̀mù nìkan, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní méjèèjì. Àwọn tí ó rí kálísíọ̀mù gbà, yálà pẹ̀lú fítámì D tàbí láìsí i, ni ó sàn jù. Nígbà tí wọ́n yẹ oúnjẹ àwọn ọmọ náà wò, kálísíọ̀mù tí ó wà nínú ohun tí wọ́n ń jẹ lóòjọ́ kò ju nǹkan bí 200 mílígíráàmù lọ. Ọmọ tí ó ti lé ní ọdún kan yẹ kí ó máa rí ju 500 lọ. Wọ́n tún rí i pé àwọn ọmọ mìíràn ń jẹ irú oúnjẹ kan náà tí ẹsẹ̀ wọn kò sì wọ́. Nítorí náà, bí ti ọmọ kan bá wọ́ tí ti àbúrò rẹ̀ kò wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn fẹ̀sùn kan ìyá.

Ẹ wo ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fún ọmọ lẹ́yìn tí a bá ti já a lẹ́nu ọmú: ògì láàárọ̀ láìsí mílíìkì, túwó ọkà lọ́sàn-án, túwó tàbí ẹ̀kọ lálẹ́. Ọmọ yó, ṣùgbọ́n ebi ń pa eegun rẹ̀. Kò sì pọn dandan kí a ra ohun olówó gọbọi láti tún un ṣe:

(a) Wàrà, àti nono tí àwọn Fúlàní ń kiri. Ẹ rí i pé wọ́n ti se mílíìkì rẹ̀ kí ó tó dé ẹnu ọmọ.
(b) Ẹja kékeré gbígbẹ tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ eegun rẹ̀. Ní Jos kan náà, wọ́n ti fi ẹja lílọ̀ báyìí tọ́jú àwọn ọmọ tí ó ní rickets, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣíbí kan nínú ògì tàbí ọbẹ̀ ọmọ lójúmọ́ kò ṣòro.
(d) Ọbẹ̀ lúrú, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní miyan kuka. Ewé igi ọsè ní kálísíọ̀mù púpọ̀. Àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín wa ti mọ̀ ọ́n láti ilé, ó sì kún ọjà níbí.
(e) Kí ọmọ máa ṣeré níta. Kí a má tì í mọ́ yàrá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ti wọ́ ná, oúnjẹ nìkan kò tó. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn yóò ya X-ray, wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn yóò sì fún un ní oògùn kálísíọ̀mù fún oṣù púpọ̀. Bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ni yóò máa tọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ti ń dàgbà, láìsí iṣẹ́ abẹ. Èyí tí kò bá tọ́ ni wọn yóò gé eegun rẹ̀ tò. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ láì tíì tọ́jú ohun tí ó wọ́ ẹsẹ̀ náà, ẹsẹ̀ yóò tún wọ́.

4. ÀTẸ́LẸSẸ̀ TÍ Ó YÍ SÍNÚ LÁTI INÚ WÁ

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Nínú nǹkan bí 1,000 ọmọ tí a bá bí, ó máa ń tó ọ̀kan tí a bí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìyá kò jẹ èèwọ̀, kò sì rìn lọ́sàn-án gangan. Bí Ọlọ́hun ti dá a nìyẹn, Ó sì ti fi ìmọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ sáyé.

Ní ayé àtijọ́, iṣẹ́ abẹ ńlá ni wọ́n máa ń ṣe fún un, ẹsẹ̀ náà a sì máa le gan-gan, a máa ro ó bí ó bá dàgbà. Dókítà kan tí wọ́n bí ní Sípéènì, Ignacio Ponseti, tí ó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, ni ó fi ọ̀nà ìrọ̀rùn hàn, òun ni gbogbo ayé sì ń tẹ̀ lé báyìí. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí:

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, dókítà yóò fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ na ẹsẹ̀ ọmọ díẹ̀ síhà ibi tí ó yẹ kí ó wà, yóò sì fi P.O.P., ohun funfun tí ó ń le bíi sìmẹ́ǹtì, dì í láti ọmọ ìka títí dé itan. Lọ́sẹ̀ kejì wọn yóò tú u, wọn yóò na án díẹ̀ sí i, wọn yóò tún dì í. Ó sábà máa ń gba ìdì 5 sí 7. Lẹ́yìn náà, lára ọ̀pọ̀ ọmọ, wọn yóò fi abẹ kékeré já iṣan tí ó fa gìgísẹ̀ sókè, wọn yóò di ẹsẹ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ 3 sí i. Iṣan náà yóò tún hù, yóò sì gùn tó bí ó ti yẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń kọsẹ̀ ni ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ ti tọ́, inú gbogbo èèyàn dùn. Dókítà wá fún ọmọ ní bàtà méjì tí irin so pọ̀, ó ní kí ó máa wọ̀ ọ́ fún wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù 3, lẹ́yìn náà kí ó máa fi í sùn títí yóò fi tó ọdún 4 tàbí 5. Ọmọ ń ké, aládùúgbò ní, “Ẹ ṣàánú ọmọ yìí,” ìyá sì bọ́ bàtà náà sọ nù. Kí ọdún tó yí po, ẹsẹ̀ ti yí padà sí bí ó ti wà. Ẹ̀yin òbí, bàtà onírin yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ni ìdajì ìtọ́jú náà.

Ìgbà wo ni kí a bẹ̀rẹ̀? Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì tí a bí ọmọ. Ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ kò yá jù. Bí ẹ bá sì ti pẹ́, ẹ má sọ ìrètí nù. A ṣì lè fi ọ̀nà yìí tọ́jú ọmọ tí ó ti ń rìn, ṣùgbọ́n yóò gba sùúrù àti ìdì púpọ̀ sí i. Ẹ má ṣe dúró de Iléyá.

5. ABẸ́RẸ́ TÍ Ó PA ẸSẸ̀ ỌMỌ

Ibà mú ọmọ. Wọ́n gbé e lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹsẹ̀ ìhà ibẹ̀ kò gbé mọ́, ọmọ ìka rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Iṣan ńlá kan wà tí ó gba ìdí kọjá, òun ni ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ lè gbéra. Bí abẹ́rẹ́ tàbí oògùn bá kan án, ẹsẹ̀ yóò kú tipiri. Ara ọmọ rù, ìdí rẹ̀ kò ní ẹran púpọ̀, nítorí náà ó rọrùn láti ṣìnà.

Ẹ béèrè bóyá oògùn mímu wà. Bí ó bá di dandan kí wọ́n gún ọmọ kékeré lábẹ́rẹ́, ẹ ní kí wọ́n gún un ní iwájú itan níhà òde, kí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà sì ni yóò gún un. Bí ẹsẹ̀ bá ti kú ná, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn yóò fi ohun kan gbé àtẹ́lẹsẹ̀ dúró kí ó má baà wọ́, wọn yóò sì kọ́ ìyá bí yóò ti máa nà án lójoojúmọ́. Àwọn kan máa ń bọ̀ sípò láàárín oṣù mélòó kan.

Ọmọ èyíkéyìí tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣàdédé rọ, ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́ lọ́jọ́ náà. Wọn yóò gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti mọ̀ bóyá àrùn rọpárọsẹ̀ ni. A kò gbàgbé ọdún 2003, nígbà tí wọ́n dá oògùn rọpárọsẹ̀ dúró ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya nítorí àhesọ ọ̀rọ̀, àti bí àrùn náà ti tàn kálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọdún 2020, wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ ti ìṣẹ̀dálẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ kan, tí ó ń jáde láti inú kòkòrò tí wọ́n fi ṣe oògùn náà, tí ó sì ń tàn níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò ti gba oògùn, tún mú ọ̀pọ̀ ọmọ ní Nàìjíríà ní ọdún 2021. Ẹ̀bùn ni oògùn ẹ̀kán méjì yẹn. Bí àwọn tí ń fún ọmọ bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ ṣí i.

6. BÍ APÁ TÀBÍ ẸSẸ̀ ỌMỌ BÁ ṢẸ́

Ọmọ já bọ́ láti orí igi máńgòrò, ó fi ọwọ́ tẹlẹ̀, ìgbúnwọ́ rẹ̀ wú. Kí ni kí a ṣe?

(a) Ẹ má fà á, ẹ má fi òrí tàbí àdí wọ́ ọ, ẹ má fi omi gbígbóná jó o.
(b) Ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí òrùka rẹ̀ kí ó tó wú jù.
(d) Ẹ fi páálí tàbí pákó fẹ́lẹ́ tì í bí ẹ ti bá a, ẹ fi gèlè tàbí híjáàbù gbé e kọ́ ọrùn.
(e) Bí ojú ọgbẹ́ bá wà, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó. Má ṣe fi ewé tàbí eérú sí i.
(ẹ) Ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa yóò kọ́kọ́ ronú ẹni tí ń to eegun, yálà ti ilé ni tàbí èyí tí àwọn Hausa ń pè ní mai ɗori. A kò wá bú ẹnikẹ́ni. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kì í jẹ́ kí a tò lórí ìlà, ó sì ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: púpọ̀ nínú eegun ọmọ tí ó ṣẹ́ ni yóò jọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ẹnì yòówù kí ó dì í. Èyí ni ó ń fún un ní orúkọ rere. Ìdì tí ó le jù ni ewu tí ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí ó bá fi ọparun àti okùn di apá ọmọ pinpin, apá náà ń wú nínú, ìdì kò sì fẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà kọjá. Bí ẹran ara bá wà láìsí ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 6, yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú. Bí ẹ bá rí apá tí ó dúdú, tí ó gbẹ, tí ó ń rùn, ó ti kọjá ìtọ́jú. Gígé ni ó kù. Ìdì líle báyìí wà lára ohun tí ó ń mú kí wọ́n gé apá àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé jù ní àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà. Eegun tí ó ṣẹ́ ì bá jọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ọmọ wá pàdánù ọwọ́ tí ì bá fi kọ̀wé, tí ì bá fi ṣe àlùwàlá.

Nítorí náà, ẹni yòówù kí ó di ọmọ yín, ì báà ṣe dókítà pẹ̀lú P.O.P., ẹ má sùn lóru àkọ́kọ́ láì yẹ ọmọ ìka rẹ̀ wò. Bí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kí ó dínkù; bí ó bá ké nígbà tí ẹ rọra na ọmọ ìka rẹ̀; bí ọmọ ìka bá wú, tí ó tutù, tí èékánná sì funfun; bí ó bá ní kò mọ̀ ọ́n lára mọ́; tàbí bí kò bá lè mì í: ẹ tú ìdì náà ní kíá. Bí ó bá jẹ́ P.O.P., ẹ gbé e padà lóru náà kí wọ́n là á. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, oògùn ni ó ń ṣiṣẹ́,” ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Eegun tí ó bá yẹ̀ nítorí pé a tú u, a lè tún un tò. Ọwọ́ tí ó bá kú kì í jí.

7. EEGUN TÍ Ó Ń GBÓNÁ

Èyí ni ó tún ń tan òbí jẹ jùlọ. Ara ọmọ gbóná, kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan ẹsẹ̀ kan, kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá rántí pé ó ṣubú níjọ́ méjì sẹ́yìn, ó ní ẹsẹ̀ ni ó rọ́, ó ń fi omi gbígbóná wọ́ ọ. Ṣùgbọ́n rírọ́ kì í mú ibà wá. Kòkòrò àrùn ti lè wọ inú eegun tàbí oríkèé, kí ó sì máa ṣe ọyún níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oríkèé ìbàdí, ọjọ́ mélòó kan péré ti tó láti jẹ ẹ́ run, ọmọ yóò sì máa tiro títí ayé. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà. Wọn yóò fún un ní oògùn gba inú iṣan, wọn yóò sì fa ọyún náà bí ó bá wà. Ẹ lo oògùn náà tán, bí ó tilẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí pé èyí tí a kò bá tọ́jú tán máa ń padà wá ní egbò tí ń ṣọyún lọ́dọọdún.

Àwọn ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní àrọmọléegun, ni ó tètè ń kó àrùn yìí jù. Ìrora eegun kì í ṣe àjèjì fún wọn, nítorí náà ó rọrùn láti sọ pé, “Bí ó ti máa ń ṣe é nìyẹn.” Bí ìrora bá dúró sójú kan, tí ibẹ̀ wú, tí ibà kò sì lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i. Bí ọmọ tí ó ní in bá sì ń tiro láìsí ibà, tí ìbàdí ń dùn ún, orí eegun itan lè máa kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fojú di í. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n fẹ́ ṣe nikáì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí a tó mú ọjọ́.

8. IBO NI KÍ A GBÉ ỌMỌ LỌ?

Ẹ kò ní láti gbé ọmọ délé kí ó tó rí ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Dala, ní Kano, gẹ́gẹ́ bí ti Igbóbì ṣe wà ní Èkó. Àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì ní Jos, Zaria, Kano àti Sokoto náà ní àwọn dókítà eegun. Ẹ lè kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà nítòsí yín, kí ẹ gba lẹ́tà lọ síbẹ̀. Ẹ béèrè pé: Kí ni orúkọ àìsàn yìí? Ṣé ó lè dúró? Bí ó bá lè dúró, di ìgbà wo?

Bí owó bá ni ìṣòro, ẹ má fi ìtìjú pa á mọ́ra. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ tàbí fún àsàlátù yín. Owó tí a ń dá fún ayẹyẹ, a lè dá a fún ẹsẹ̀ ọmọ ẹnì kan. Ẹ̀yin ìyá àgbà nílé, nígbà tí wọ́n bá pè yín nípa ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ yín, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ti ẹnu yín jáde ni, “Ẹ ti gbé e dé ọsibítù bí?” Àdúà yín yóò máa tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Ọmọ ọdún 3 ní K-leg lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó sì ń sáré kiri. Kí ni kí òbí rẹ̀ ṣe?
2. Kí ni ìdí tí rickets fi ń ṣe ọmọ níbi tí oòrùn ti pọ̀? Ẹ dárúkọ oúnjẹ 3 tí ó lè dènà rẹ̀.
3. Ìgbà wo ni ó yẹ kí ìtọ́jú àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó yí sínú bẹ̀rẹ̀, kí sì ni iṣẹ́ bàtà onírin?
4. Ẹ ka àmì 5 tí ó fi hàn pé ìdì apá ọmọ ti le jù.
5. Ta ni nínú àdúgbò yín tí ó ń fi aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀? Ta ni yóò lọ bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí?

Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́jú àwọn ọmọ wa, kí Ó jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tó lé wa. Àmín.